Àjàyí Ọmọ Òṣogùn, Ẹni Tí Ó Bá Àwọn Ará Ìlọrin Jókòó Nídìí Ìwé Mímọ́



Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀ràn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì rò pé ó yẹ kí n lo àyè yìí láti fi bá yín sọ ọ́. Ekukáká ni ọjọ́ Ìsinmi kan fi ń kọjá kí ẹnìkan nínú yín má dá mi dúró lẹ́yìn Mísà láti ròyìn fún mi bí òun ti bá ọmọnìkejì rẹ̀ jiyàn lórí Ìwé Mímọ́. Ọ̀kan jiyàn tirẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìkìrun lọ sí Òkukù. Èkejì jiyàn tirẹ̀ ní ọjà Ìnísà. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó dùn mí jù, jiyàn tirẹ̀ nínú àgbàlá baba rẹ̀ níhìn-ín ní Ìgbàyè, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, títí ó fi di pé àwọn méjèèjì kò jọ fọwọ́ kan àwo oúnjẹ kan náà mọ́. Nínú gbogbo ìròyìn wọ̀nyí, mo ń gbọ́ ẹni tí ó borí, mo sì ń gbọ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọhò. Ohun tí Olúwa wí gan-an ni n kò gbọ́.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ dákẹ́. Ó dára kí Kristẹni máa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run nílé, lóko àti lọ́nà ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a fi ń sọ ọ́, ọkùnrin kan sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá wa yìí tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọ̀nà náà. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín: Àjàyí ni, Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Ìjọ Áńgílíkà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wòye pé kí ló pa Fada Kátólíìkì pọ̀ mọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà. Èmi náà mọ ohun tí ó yà wá kúrò lọ́dọ̀ ara wa. Mo kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, n kò sì tí ì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìrìbọmi kan ni gbogbo wa ṣe, àwọn Baba Ìgbìmọ̀ Ńlá Kejì ti Fatikani sì kọ́ wa ní ọdún 1964 àti 1965 pé kí a máa bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn ará wa tí kò sí nínú agbo kan náà pẹ̀lú wa, àti pé kí a máa fi ọ̀wọ̀ bá àwọn Mùsùlùmí lò. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́ fún wa bá dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kọjá. A ti jẹ nínú oko ọkùnrin náà pẹ́. Ó yẹ kí a mọ orúkọ ẹni tí ó ro ó.

Òṣogùn ni wọ́n ti bí i, ní ìtòsí Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1809. (Ẹ má ṣe ṣì í gbọ́ fún Òṣogbo wa.) Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Afálá ni orúkọ ìyá rẹ̀, a sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ Aláàfin Abíọ́dún wà lára obìnrin náà. Orúkọ Àjàyí fúnra rẹ̀ ti sọ bí ó ti wáyé fún yín: ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Bí ayé bá ti ń lọ bí ó ti ń lọ, ahunṣọ ni òun náà ìbá dà, kò sì sí ẹni tí ìbá gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní òkèèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí àwọn ará ìlú ń pèsè oúnjẹ àárọ̀, àwọn jagunjagun yí Òṣogùn ká. Ẹ fi ọkàn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́: àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní pọ̀ nínú àwọn jagunjagun náà. Wọ́n ti iná bọ ìlú. Baba Àjàyí sáré wọlé láti kìlọ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n sá, ó sì padà lọ sí ojú ìjà. Ọmọ rẹ̀ kò tún fi ojú rí i mọ́. Wọ́n sọ okùn mọ́ ọrùn ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà, wọ́n sì ń dà wọ́n lọ bí ẹni da ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, a pín wọn. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ náà kò dúró, wọ́n sì dá ọmọ padà. Lẹ́yìn èyí ó tún bọ́ sí ìlú kan tí ìyá rẹ̀ wà, ó sì ń rí i fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó tún mú un lọ tà.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á. Ní ọjà kan, ọtí líle àti tábà ni wọ́n fi rà á. Ìbànújẹ́ mú un dé ibi tí ó fi gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Ọmọdé bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀yin ìyá. Níkẹyìn ó dé Èkó, ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn Potogí, tí àwọn náà ń pe ara wọn ní Kristẹni, tí a sì ti rì bọmi nínú Ìjọ wa. Kò yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tí ó jó ilé rẹ̀ ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹni tí ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é náà ń pè é.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó wọn sí gbéra ní Èkó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ká a mọ́, tí wọ́n sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá titun ni wọ́n tún bọ́ sí lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró, wọ́n sì di òmìnira.

Àwọn ìránṣẹ́ Ìhìnrere ti ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́, kò sì ju bí oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi mọ ìwé kà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe Ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ìlú London. Ọdún 1827 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Asano, tí Ìrìbọmi sọ di Susan, ọmọbìnrin tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú bíi tirẹ̀, ni ó fi ṣe aya. (Ọmọ wọn obìnrin ni ó bí Herbert Macaulay, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó ẹyọ náírà kan.)

Ní Sàró ni ó ti kọ́kọ́ ko àwọn Mùsùlùmí lójú gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ó mọ̀wé, ó sì ń gbóná. Ó bá wọn jiyàn bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣe nísinsin yìí, láti fi hàn pé tiwọn kò dára. Ìjà náà kò so èso kankan. Àwọn tí ó bá jiyàn ń padà sílé pẹ̀lú ìbínú, òun náà ń padà sílé pẹ̀lú ìbínú, Ìhìnrere sì wà ní ibi tí ó wà. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ lù kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí ó ṣòro fún ọlọ́gbọ́n ènìyàn láti kọ́ ju èyí lọ. Èmi fúnra mi ti lé ní ogún ọdún nínú iṣẹ́ àlùfáà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ní ọdún 1841 ó bá àwọn tí ń rin odò Ọya lọ, ìrìn àjò tí ibà ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ òyìnbó. Ní ọdún 1843 ni wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London, ní ọdún kan náà tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Nígbà tí ó padà dé Freetown, wọ́n ní kí ó wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844. Ó ṣe àkíyèsí pé èdè ìyá òun ṣòro fún òun nídìí iṣẹ́ náà, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti jẹ́. Ó dà bí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó yàn nínú Ìwé Mímọ́ ní ọjọ́ náà? Orí kìíní Ìhìnrere Luku ni, ẹsẹ karùndínlógójì, níbi tí Áńgẹ́lì Gabrieli ti ń ṣàlàyé fún Maria Wúńdíá bí Ẹ̀mí Mímọ́ yóò ti ṣíji bò ó, àti irú ọmọ tí yóò bí. Ìtàn tí à ń rántí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ nígbà tí agogo Áńgẹ́lúùsì bá dún, òun ni ó ṣí ẹnu Àjàyí ní èdè Yorùbá nínú ilé Ọlọ́run. Ayọ̀ ńlá ni èyí fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn tí ó wá gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà jẹ́ ẹrú àtijọ́ láti Ọ̀yọ́, láti Ẹ̀gbá, láti Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn, tí olúkúlùkù wọn ti gbọ́ èdè rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì gbọ́ ọ rí lórí àga ìwàásù.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1846 kí ọ̀nà tó là fún wọn láti dé Abẹ́òkúta, nítorí pé Ṣódẹkẹ́, olórí tí ó ń retí wọn, ti kú. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n débẹ̀ tí ohun tí ó ti yọ ọkàn kúrò nínú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìyá rẹ̀ dé. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Ìyá àti ọmọ di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, omijé ń bọ́, ìyá sì ń pè é ní Àjàyí, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ pè é mọ́. Obìnrin náà ti jìyà púpọ̀ láti ìgbà náà wá, wọ́n ti tún un mú, wọ́n sì ti tún un rà padà.

Àlùfáà ni ọmọ yìí, ó ti kọ́wé ní òkè òkun, ìyá rẹ̀ sì ń bọ òrìṣà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwa ni, ìwàásù ni ìbá bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, òmíràn ìbá sì ti kó ère ìyá náà dà sí ààtàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àjàyí mú ìyá rẹ̀ sí ọ̀dọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń ka Ìwé Mímọ́ nínú ilé, ìyá sì ń gbọ́ ọ. Ó di ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 kí Afálá tó ṣe Ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hanna, orúkọ ìyá Samuẹli nínú Májẹ̀mú Láéláé. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ọmọ fi dúró de ìyá tí ó bí i. Afálá pẹ́ láyé títí di ọdún 1883.

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni iṣẹ́ títúmọ̀ Ìwé Mímọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìwé sí àwọn ará Romu jáde ní ọdún 1850, àwọn ìwé mìíràn sì ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Thomas King àti àwọn ẹlòmíràn; ó di àárín ọdún 1880 sí 1889 kí gbogbo Bíbélì tó pé. Bí ó ti ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Kì í jókòó nínú yàrá kí ó máa dá ọ̀rọ̀ ṣẹ̀dá. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, níbi òkú, lójúbọ pàápàá, ó sì ń fetí sí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń kọ òwe wọn sílẹ̀. Òwe pọ̀ jaburata nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tí ó tún jáde ní ọdún 1852. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sọ Yorùbá, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tí kò mọ Pọ́ọ̀lù.

Kò sì kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ èdè wa. Àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, wòlíì, gbogbo wọn ni ó ti wà lẹ́nu Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó débẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ bá ń pè mí ní àlùfáà, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ ni pẹ̀lú aládùúgbò yín tí ń lọ sí mọ́sálásí ni ẹ ń lò. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń bá a jà lé lórí títí di òní, èyí ni pé ó pe Sàtánì ní Èṣù. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé Èṣù àwọn baba wa kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì túmọ̀ ìwé kan rí, ẹ jẹ́ kí ó ṣe pẹ̀lẹ́ nínú bíbu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí ó túmọ̀ ọ̀pọ̀.

Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ó sì run púpọ̀ nínú ohun tí ó ti ń kọ sílẹ̀ láti bí ọdún mọ́kànlá. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ọjọ́ àjọ̀dún Peteru àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ni a fi í joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Nígbà yìí, Ìjọ Kátólíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí ní Èkó ni. Nígbà tí Fada Francesco Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, ó bá àwọn ará wa tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsílì padà wá, tí wọ́n ń pé jọ gbàdúrà láìní àlùfáà, tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio sì ń ṣe olórí wọn. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó wá bá wọn gbé. Lọ́jọ́ mìíràn n ó sọ ìtàn Pa Antonio fún yín, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther gbé e lọ sí etí odò Ọya, sí Onitsha, Lọ́kọ́ja àti Bonny. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní apá òkè odò náà, àárín wọn ni ó sì ti wá di àgbà. Kò fi ibi tí ìwé méjèèjì ti yapa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ó ń wá: Gabrieli ìránṣẹ́ Ọlọ́run, Maria tí ó lóyún láìmọ ọkùnrin, Jésù tí ìbí rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Ẹ kò ha rí i pé ọ̀rọ̀ Luku tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Freetown náà ni?

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1871 ó gbéra ní Lọ́kọ́ja, ó lọ sí Bídà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gba orí ilẹ̀ wá, títí ó fi dé Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1872. Ọ̀nà náà mú un dé Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú irin tí ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ẹ mọ̀ pé Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Ẹ sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ohun tí orúkọ Ìlọrin jẹ́ fún ìlú wa ní ìgbà náà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìrìn àjò yìí, ní 1878, ni ogun Jálumi jà ní Ìkìrun, tí Ìbàdàn kojú Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Báyìí ni ayé ti rí.

Ọkùnrin tí ó wọ ààfin Ìlọrin náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ti kọjá tí àwọn tí ń pe orúkọ Ànábì ti jó Òṣogùn, tí baba rẹ̀ kò sì padà wálé. Bí ẹnìkan bá wà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi Bíbélì na Mùsùlùmí, òun ni. Emir jókòó, àwọn àlùfáà àti ìjòyè rẹ̀ yí i ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè lórí ìgbàgbọ́ àwọn Kristẹni. Kò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ dá wọn lóhùn. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó ṣí. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi í, ibi tí ìdáhùn rẹ̀ wà ni a ó wá rí, a ó sì kà á sí etí gbogbo wọn, ní èdè tí Emir gbọ́, tí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà náà gbọ́. Kò bú Ànábì wọn. Kò bú ìwé wọn. Ó gbà pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó ara rẹ̀ gbà sílẹ̀, àti pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni yóò ṣe ìyókù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí a gbọ́ ohun tí a kọ, kí a sì gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n fi àlàáfíà túká.

Mo máa ń ronú lórí ọjọ́ náà. Nínú gbogbo ìrìn àjò rẹ̀, èyí ni ó wù mí jù pé kí n wà níbẹ̀, ní igun kan, kí n máa wo ojú rẹ̀. N kò rò pé ó ti gbàgbé iná Òṣogùn. Ẹni tí ó kọ gbogbo ìtàn náà sínú lẹ́tà ní ọdún 1837, pẹ̀lú okùn ọrùn àti oúnjẹ àárọ̀ tí wọn kò jẹ tán, kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò mú gbèsè náà dání wọ ààfin.

Ìkẹyìn ọjọ́ rẹ̀ korò, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí ìjọ Ọya, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kò mọ́ tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, nínú ìgbìmọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan Dandeson ọmọ rẹ̀ pàápàá, tí ó jẹ́ Archdeacon. Àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún dìde, ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Àwọn wọ̀nyí kà Bíbélì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kà á gidigidi, àní pẹ̀lú ìtara. Bí Emir Ìlọrin ti gbà á sílé, wọn kò gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, àádọ́jọ ọdún gééré lẹ́yìn oyè rẹ̀, kí Archbishop Canterbury, Justin Welby, tó jẹ́wọ́ nínú ilé Ọlọ́run kan náà pé Ìjọ òun ṣẹ̀ sí Crowther, tí ó sì tọrọ ìdáríjì.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jọ jẹun mọ́, ti wá rí mi lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì ti gbà mí láyè láti sọ èyí láìdárúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí ń bọ̀, lẹ́yìn Rosary, a ó péjọ nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa, a ó sì ka orí kìíní Ìhìnrere Luku láti ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n dé ẹsẹ kejìdínlógójì. Kátíkísì wa ni yóò kà á, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbéèrè yóò bi í, a ó sì wá ìdáhùn rẹ̀ nínú Ìwé kí a tó wá a lẹ́nu mi. Ọkùnrin náà ti sọ fún mi pé òun yóò mú ẹ̀gbọ́n òun wá, bí ẹ̀gbọ́n bá gbà. Àga wà fún un.